Ẹ gbà mí: èwo ni ọ̀fẹ́ tòótọ́ tó lè bá ọmọ mi kàwé?

Màmá Fẹ́mi: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Fẹ́mi ti wọ JSS2, kò sì lè ka ìwé rẹ̀. Tíṣà ní kí n lọ fi í kọ́ṣẹ́. Èmi tí mo dá sanwó ilé ìwé, tí bàbá rẹ̀ ò pè láti ọdún iléyá! Ọmọkùnrin kan tún gba ₦25,000 lọ́wọ́ mi pé òun á fi nǹkan tó ń kàwé sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, nǹkan náà dákẹ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: NVDA, mà, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta. Òun kì í dákẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran tí kò ríran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006. Èmi náà ò ríran. Pacelli, ilé ìwé àwọn tí kò ríran ní Surulere, ni mo ti kọ́ braille, ìwé tí à ń fọwọ́ kà, àmọ́ NVDA ni mo fi ṣe yunifásítì. Inú fláàṣì ló máa ń wà. Kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tí mo bá rí, màá ki fláàṣì náà bọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Kò dìgbà kọ̀ǹpútà. TalkBack, tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù síta, wà nínú Android. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3.

Màmá Fẹ́mi: Ẹ gbà mí o! Fóònù ń kígbe! Mo fọwọ́ kan WhatsApp, ó ń dárúkọ ẹ̀, kò ṣí. Fóònù àbúrò mi ni mo fi ń kọ èyí.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra lẹ ó fọwọ́ kàn án kó tó ṣí, mà. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ bọ́tìnnì méjèèjì yẹn, á dákẹ́.

Alhaji: Ẹ̀yin obìnrin! Ṣé ẹ ti gbé ọmọ lọ bá dókítà ojú?

Ìyá Ìbejì: Kí ló kan "ẹ̀yin obìnrin", Alhaji?

Màmá Fẹ́mi: Ojú kẹ̀? Ta ló ní ojú ń dùn ún? Fẹ́mi tó ń fi òkò já máńgòrò lórí igi! Wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, kò sí nǹkan kan. Tó bá dìwé ló ń ka "b" sí "d", ó ní àwọn lẹ́tà ń sún. Ẹ kà á sí i létí, á sọ ọ́ padà láì fo gbólóhùn kan.

Tíṣà Bùnmi: Háà, Màmá Fẹ́mi! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ó jọ ohun tí wọ́n ń pè ní dyslexia, ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe ti ojú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò lè fi orí fóònù dá a mọ̀. Kì í ṣe olódo. Ẹ fi TalkBack sílẹ̀. Ẹ fi Google Lens ya ojú ìwé, kẹ́ ẹ tẹ Listen. Tó bá jẹ́ PDF ni, Read Aloud inú Edge, búráúsà Microsoft, ń kun ọ̀rọ̀ láwọ̀ bó ṣe ń kà á lọ, ojú àti etí á jọ máa rìn.

Alhaji: Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ àwa.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Alhaji, ẹgba kọ́ ló kọ́ mi ní braille.

Màmá Fẹ́mi: A ti dán Lens wò lórí ìwé sáyẹ́ǹsì. Fẹ́mi ní kí n tún gbé e sí i! Àmọ́ ìwé Yorùbá ẹ̀ ńkọ́? Ohùn yẹn ń pe Yorùbá bí òyìnbó tó fi iyán gbígbóná sẹ́nu.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ fún un, ojú ìwé kan lálaalẹ́.

Màmá Fẹ́mi: Ojú ìwé 112 ni o. Ta ni yóò máa dáná?