Ṣé ìfẹ́ iṣẹ́ lè dúró fún owó ọ̀yà?

Aránṣọ:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti gbé e tọ Ọlọ́run lọ nínú àdúrà, mo wá ń gbé e tọ ẹ̀yin náà wá.

Aṣọ ni mò ń rán, ó ti pé ọdún 19 báyìí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an ni. Tí mo bá jókòó ti ojú bọ́tìnnì, tí mò ń fi òwú ká a létí díẹ̀díẹ̀, ara mi á balẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé Ẹlẹ́dàá ló fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé, "Ẹ má fi owó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn iṣẹ́, owó á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá." Wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tán o. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ ìgbéyàwó funfun kan wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń to ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn aṣọ náà. Nígbà tí òru ti jìn, abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí léèsì. Kò pariwo. Ó ká òwú funfun sẹ́nu, ó fi itọ́ rin ín, ó wá ń fi í tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́jẹ́ títí tí kò fi ku àmì kankan. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé itọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ. Ó tún fa ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò gbójú sókè tó fi sọ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa lè fún mi ní ti oṣù tó kọjá kí oṣù yìí tó parí?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nípa ìfẹ́ iṣẹ́. Kò jáde. Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún pé kó fẹ́ràn iṣẹ́ ló jókòó níwájú mi yìí, tó fi itọ́ ara rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nítorí kí aṣọ mi má bàa bàjẹ́.

Oníbàárà náà san owó rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ tuntun tí mo rà láwìn ni mo fi owó náà san.

Ohun tí mò ń béèrè rèé. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ìpè látọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ṣé ó yẹ kéèyàn máa gba owó kékeré lórí rẹ̀ ni? Àwọn oníbàárà ń ná ọjà dénú eegun, ilé iṣẹ́ ńláńlá ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀. Ṣé ètò ọrọ̀ ajé ayé ló ṣe mí báyìí, àbí èmi gan-an ni mo ṣe é?

Ìránṣẹ́:

Ẹ kú ìnira ọkàn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò bá má bìkítà, ẹ ò ní kọ ọ́ síbí.

Ẹ ṣí Deutarónómì orí 24, ẹsẹ 14 àti 15. Òfin náà ní kí wọ́n san owó alágbàṣe lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè bóyá alágbàṣe náà fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Jákọ́bù 5:4 tilẹ̀ le ju ìyẹn lọ: owó ọ̀yà tí wọn ò san ló ń ké, igbe náà sì dé etí Olúwa. Nígbà tí ọmọ yẹn bèèrè lọ́wọ́ yín lóru, owó náà ti ń ké kó tó sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ aránṣọ bíi tiyín, John Woolman, ọmọ ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Quaker, ní Amẹ́ríkà, ó kú ní 1772. Ó ní ìsọ̀ tó ń tajà, ó sì ń ránṣọ. Ọjà náà ń gbòòrò lọ́dọọdún títí tó fi rí i pé ó ti fẹ́ gba ọkàn òun. Ó bá jáwọ́ nínú ọjà títà, ó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti ọgbà igi eléso tó ní. Tó bá sì wọ̀ sílé ẹni tó ní ẹrú, ó máa ń fi owó sílẹ̀ fún àwọn ẹrú tó ṣe iṣẹ́ fún un níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà ló gbà pé ẹrú kì í gba owó. Òun ò gbà bẹ́ẹ̀, kò sì dúró de ìgbà tí òfin máa yí padà kó tó san tirẹ̀.

Ọmọ Alùfáà:

Ohun tí Ìránṣẹ́ sọ wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Hàdíìsì tó wà nínú àkójọ Ibn Majah sọ pé kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní owó rẹ̀ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ.

Súrà 83 nínú Kùránì ni mo fẹ́ kí ẹ kà, àǹtí, ẹ máà bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á gbà á pé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọ́n á dín in kù. Ẹ gba owó oníbàárà pé. Ẹ fi téèpù wọn àyà àti ìbàdí rẹ̀, kò dín, kò lé. Ṣé irú téèpù kan náà lẹ fi wọn iṣẹ́ ọmọ yẹn?

Nípa ètò ọrọ̀ ajé, Súrà 59, ẹsẹ 7 sọ ìdí tí wọ́n fi pín ọrọ̀ kan fún ọmọ òrukàn, aláìní àti arìnrìn-àjò: kó má bàa jẹ́ láàárín àwọn olówó nìkan ni yóò máa yí po. Nítorí náà, ètò burúkú wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi sàká tàbí ẹ̀bùn dí ojú owó oṣù. Sàká, ìdá kan nínú 40, ń jáde látinú ohun tó jẹ́ tiyín. Owó oṣù ọmọ yẹn kì í ṣe tiyín rárá, ẹ kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Agbálẹ̀:

Mo ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn lóru. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ díẹ̀.

Èmi ò fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbá. Mi ò ní parọ́. Àwọn tó ń wàásù pé kéèyàn wá ohun tó fẹ́ràn, kó máa ṣe é, wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé a ò rí nǹkan kan ṣe láyé, àwa tí a kò rí irú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń sáré lọ sídìí ẹni tí èémí ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní yọ̀. Ìyẹn ni ìdí tí mo fi ń dìde. Tó bá jẹ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ lẹ ó fi díwọ̀n owó, kí lẹ máa san fún mi? Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn bá wá sọ pé òun ò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ ńkọ́, pé òun kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni? Owó rẹ̀ ṣì pé.

Alájẹṣẹ́kù:

Ẹ ṣé, Agbálẹ̀.

Àǹtí, ẹ béèrè bóyá ètò ni àbí ẹ̀yin. Àpẹẹrẹ kan wà tó wúlò fún ẹni tó ní ìsọ̀. Ní Mondragon, ní ilẹ̀ Basque ní Sípéènì, àlùfáà Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ José María Arizmendiarrieta dé ìlú náà ní 1941, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní 1943 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kékeré sílẹ̀. Ní 1956, márùn-ún nínú àwọn tó kọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe sítóòfù. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín, ìbò kan fún ẹnì kan, yálà owó rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ tàbí kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ẹni tó ń gbà jù kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta owó ẹni tó ń gbà kéré jù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òdiwọ̀n yẹn sókè díẹ̀. Kì í ṣe párádísè o: ní 2013 ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ wọn tó tóbi jù, Fagor, wó lulẹ̀. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ yòókù gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síṣẹ́.

Mi ò ní kí ẹ sọ ìsọ̀ yín di alájẹṣẹ́kù lọ́la. Ìwé ìṣirò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí síwájú àwọn ọmọ náà. Ẹ kọ owó tiyín náà sí i gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, kí ẹ má kàn máa ṣẹ́ owó mú nínú àpótí. Ibi tí owó ń gbà jáde ni kí gbogbo yín jọ rí.

Aránṣọ:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ téèpù yẹn. Ọmọ Alùfáà, mi ò bínú.

Mo san owó rẹ̀ lánàá, ti oṣù méjèèjì. Ti àwọn méjì tó kù ṣì ku díẹ̀, mo sì ti sọ ọjọ́ fún wọn. A jókòó, mo ṣí ìwé náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n wò ó pẹ́. Àgbà inú wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ti rò pé èrè mi pọ̀ ju èyí lọ. Èyí tó kéré jù kò sọ nǹkan kan. Ó tọ́ka sí ibi tí mo kọ aṣọ ìgbéyàwó yẹn sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo kọ. Ó ní, "Àǹtí, òru kò sí níbẹ̀."

Mo mú rúlà, mo fa ìlà kan sí i. Mo kọ "òru" sí orí rẹ̀, mo sì gbé bírò náà fún un.