Ilé fákítírì ní Texas: ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo yàrá

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Houston àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tó bá mọ tinú-tòde ilé tí wọ́n ń kọ́ parí ní fákítírì, tí tírélà wá ń wọ́ wá sórí ilẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá wa sọ ọ́. Iye tí wọ́n ń tà á kọ́ là ń bèèrè, gbogbo wa la rí i kà. Ohun tí kì í sí nínú ìwé ìpolówó ni kẹ́ ẹ sọ.

Ẹni tó ń gbé ilé kalẹ̀

Fákítírì kì í sábà ba ilé yìí jẹ́. Ilẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Amọ̀ dúdú tó wà káàkiri Houston, bí òjò bá rọ̀ á wú, bí ọ̀dá bá dé á súnkì, á sì sán. Tómi bá ń dúró sábẹ́ ilé, apá kan á gòkè, apá kan á rì, ilẹ̀kùn ò ní padé mọ́, bó bá sì jẹ́ ilé tí wọ́n gbé wá ní apá méjì, àjà á sán gbọọrọ níbi tí apá méjèèjì ti so pọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ilẹ̀ ló ṣáájú. Láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́ kúrò lára ilé, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ààbọ̀ íǹṣì rẹlẹ̀ sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fojú di èyí, ìgbà gbogbo ni yóò máa sanwó fún àwọn tó ń fi jáàkì gbé ilé tọ́ padà.

Òpó tó gbé ilé dúró ló kàn. Búlọ́ọ̀kù oníhò 8×8×16 íǹṣì ni, ihò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ rẹ̀ tí ihò kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù ilé lè fọ́ ọ. Kọnkéré tó wà lábẹ́ òpó, bí wọ́n bá ti dà á wá láti ibòmíì, kó nípọn tó íǹṣì 4. Bó bá jẹ́ ojú ibẹ̀ ni wọ́n ti dà á, kó tó 6. Òpó tí kò ga ju íǹṣì 36 lọ lè jẹ́ búlọ́ọ̀kù ẹyọ kọ̀ọ̀kan léra. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, méjì-méjì ni, kí ìpele kan máa dábùú èkejì. Wẹ́ẹ̀jì igi líle tí wọ́n fi ń fún òpó mọ́ irin abẹ́ ilé, méjì-méjì ni wọ́n ń gbá a wọlé, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ nípọn ju íǹṣì kan lọ. Bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n to pákó mẹ́ta mẹ́rin léra lórí òpó, ẹ ní kí wọ́n tú u, kódà bí wọ́n bá ń kánjú lọ síbòmíì.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ni jẹ jù nìyí. Lórí ìlà àárín ilé alápá méjì, gbogbo ibi tí ògiri ti ṣí sílẹ̀ tó íǹṣì 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ibi tí pálọ̀ ti já sí ilé ìdáná, òpó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ ni ẹrù òrùlé ń bọ́ sí. Ẹ wọ abẹ́ ilé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i kí wọ́n tó fi páálí (skirting, ohun tó ń bo ẹ̀gbẹ́ abẹ́ ilé) yí i ká.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá 6 mil (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó nìyẹn) sílẹ̀ lábẹ́ ilé, kí etí kan gun èkejì tó íǹṣì 12. Láìsí i, ọ̀rinrin ilẹ̀ á máa gòkè, pákó ìsàlẹ̀ á wú. Páìpù ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ gbọ́dọ̀ gba inú páálí náà jáde síta gbangba. Aṣọ dúdú tó bo ikùn ilé ńkọ́? Àwọn púlọ́ńbà ni ọ̀tá rẹ̀: wọ́n á ya á, wọ́n á ṣe páìpù, wọ́n á lọ. Ihò yẹn leku ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni òtútù ń gbà kan páìpù. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021, tí òtútù líle bo Texas, tí páìpù ń bẹ́ káàkiri.

Ẹni tó ń yẹ ilé wò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti abẹ́ dáadáa, ẹ jẹ́ n fi ìdákọ̀ró kún un, ìyẹn irin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí ìjì má bàa gbé ilé. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gba ìfà 3,150 pọ́ùn. Kí wọ́n tẹ́ ilé gún régé tán kí wọ́n tó fún bẹ́líìtì irin rẹ̀.

Ní ti ara ògiri, òfin HUD (iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé) lórí irú ilé yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1976. Ilé tí wọ́n kọ́ láti ìgbà náà ní àwo pupa kékeré níta lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan. Alápá méjì, àwo méjì. Ẹ má jẹ́ kí akunlé kùn ún mọ́ ògiri, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń pààrọ̀ ògiri ìta yọ ọ́ dànù. Ìwé kan tún wà nínú ilé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, nínú wọ́dúróòbù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iná, tó ń sọ irú ìjì tí wọ́n kọ́ ilé náà fún. Bí àwo bá sọnù, IBTS, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn àwo náà, lè fún yín ní lẹ́tà ẹ̀rí. Wọn kì í ṣe àwo tuntun.

Ẹni tó ń ṣe ìwé ẹ̀yáwó

Ilé tí kò sí lórí ilẹ̀ tara yín, bí ẹni yáwó ra mọ́tò ló rí: èlé ga, àkókò ìsanpadà kúrú. Onílẹ̀ lè fowó kún owó ilẹ̀, ẹ ò sì lè gbé ilé sórí gbé e lọ. Bẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀, ẹ sọ fún TDHCA (iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé) lórí Statement of Ownership, ìwé tó ń fi ẹni tó ni ilé hàn, pé ilé àti ilẹ̀ ti di ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí àkọsílẹ̀ county (ìjọba ìbílẹ̀). Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ìdajì kejì yìí, mortgage, ìyẹn ẹ̀yáwó ilé, á wá há.

Kẹ́ ẹ tó ra tòkúńbọ̀, ẹ fi nọ́ńbà àwo náà wò ó lọ́dọ̀ TDHCA bóyá gbèsè owó orí wà lórí ilé. Ilé ni gbèsè yẹn ń tẹ̀ lé. Ní ti Houston, kò sí òfin tó pín ìlú sí agbègbè nípa irú ilé tí wọ́n lè kọ́ síbẹ̀ bíi tàwọn ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà nínú ìwé ilẹ̀ àdúgbò lè sọ pé wọn ò fẹ́ irú ilé yìí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Kòtò ilé ìgbẹ́, kànga àti òpó iná kì í sábà sí nínú owó ilé.

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ilé tí wọ́n kọ́ ní 2004 kan wà ní Harris, county tí Houston wà, tí wọ́n fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú. Ṣé a lè wọ́ ọ lọ sí Galveston létí òkun?

Ẹni tó ń yẹ ilé wò

Àbúrò, ẹ wo ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ná. Zone ni agbègbè ìjì tí wọ́n kọ́ ilé fún, ìjì Zone II sì le ju ti Zone I lọ. Bó bá kọ Zone I, kò gbọdọ̀ wọ Galveston, torí Zone II nibẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ fún Zone II lè wá sí Zone I, ṣùgbọ́n Zone I kì í lọ sí Zone II. Kódà bó bá kọ II, ẹ bi báńkì kẹ́ ẹ tó háyà tírélà: mortgage FHA (èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún) kì í gba ilé tó ti jókòó síbòmíì rí.