Ike ló kún balùwẹ̀ wa: kí ni kí n kọ́kọ́ yí padà?

Ìyá Àrẹ̀mú, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Lápá ibi tí à ń gbé, ọkọ̀ akópàǹtí kì í wá déédéé, ẹ̀yìnkùlé la ti ń sun ìdọ̀tí. Bí iná bá ti mú ike àti ọ̀rá, èéfín dúdú á gba gbogbo àgbàlá, àbíkẹ́yìn mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ń dùn mí gan-an. Mo wá fara balẹ̀ wo ohun tí à ń kó sínú iná yẹn, mo rí i pé láti balùwẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá: ike ìpara, ìgò ọṣẹ olómi, ọ̀rá ṣámúpù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ṣéfìn-sítíìkì tí ọkọ mi ń lò lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ nù, páàdì èmi àti ọmọbìnrin mi, àti wáìpù tí a fi ń nu ìdí ọmọ.

Mo rí búrọ́ọ̀ṣì oparun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ ju ti èyí tí à ń rà lọ fíìfíì, ẹni mẹ́fà sì ni wá nínú ilé. Agbára mi ò ká kí n kó gbogbo nǹkan dànù kí n tún ra òmíràn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ yí padà? Èwo ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, èwo ló jẹ́ ariwo ọjà lásán? Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní kí gbogbo ilé padà sí orín, ìyẹn pákò, mi ò sì mọ̀ bóyá ìyẹn tó fún àwọn ọmọ.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìfaradà èéfín. Ẹ má kó ohunkóhun dànù o, ìyá wa. Bókẹ́ẹ̀tì, abọ́ ìwẹ̀ àti ike ọṣẹ tó ti wà nílẹ̀ kọ́ ló ń dá èéfín sílẹ̀. Ẹ lò wọ́n títí wọn ó fi fọ́. Ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń sọ nù ni kẹ́ ẹ dojú kọ.

Wáìpù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi. Ó rí bíi bébà lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní òwú pọliẹ́sítà, ike sì ni pọliẹ́sítà. Táwẹ̀lì tó ti gbó ni mo gé sí wẹ́wẹ́, mo ká etí rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ rán an. Bókẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ní ìdérí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Bí mo bá ti fi ọ̀kan nu ọmọ, mo ṣan ìgbẹ́ ara rẹ̀ sínú ìgbọ̀nsẹ̀, mo jù ú sínú bókẹ́ẹ̀tì yẹn, alẹ́ ni mo máa ń fọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Bí a bá ń jáde, mo máa ń fi omi rin mélòó kan sínú ike tó ní ìdérí. Ìdí àwọn ìbejì kò sú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Alfa Ìlọrin

Búta. Omi máa ń fọ ìdí mọ́ ju wáìpù àti tíṣù lọ. Ẹ ra èyí tó nípọn, kí ẹ fi aṣọ kékeré nu omi kúrò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọṣẹ, torí ìdí rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìgò ọṣẹ olómi, ìgò ṣámúpù àti ike ọṣẹ ìfọjú, ọṣẹ dúdú lè gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èèpo kòkó la máa ń sá kó gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó da omi sí eérú náà, a ó sẹ́ ẹ. Omi eérú yẹn la máa ń sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa, a ó máa rò ó títí yóò fi dì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewé ni ìyá mi fi ń wé e fún oníbàárà. Ọ̀rá ni gbogbo ayé wá ń fi dì í báyìí, nítorí náà bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ gbé abọ́ yín dání. Kò sí ọlọ́ṣẹ tí yóò kọ̀ láti gé e sínú rẹ̀ fún yín. Ọṣẹ tiwa gan-an kò dúdú kirikiri, ó máa ń fà sí àwọ̀ ilẹ̀, kì í sì í ta sánsán bíi lọ́fínńdà. Bí ẹ bá rí èyí tó ń dán bíi táyà tuntun, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lásán nínú balùwẹ̀, yóò rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, nítorí náà ẹ gé ìwọ̀nba tí ẹ ó lò lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ bo ìyókù síbi gbígbẹ. Èkejì, omi eérú inú rẹ̀ mú: ẹ kọ́kọ́ fi omi pò ó lọ́wọ́ tàbí lára kànìnkànìn kó tó kan ara, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó wọ ojú ọmọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba nǹkan, kó kọ́kọ́ dán an wò lápá. Ẹ̀kẹta, ti irun: ẹ yọ́ díẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi fọ orí, ẹ ṣan án dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ fi òrí tàbí àdí àgbọn pa á. Òrí tí wọ́n ń gé tà lọ́jà náà kò nílò ike, abọ́ yín tó fún un.

Ìyá Àrẹ̀mú

Ẹ ṣé gan-an ni. Ti kànìnkànìn kò níí ṣòro fún wa ní tiwa, torí ti ìbílẹ̀ la ń lò, èyí tó dà bí àwọ̀n, tó gùn, tí wọ́n ń kùn láwọ̀ oríṣiríṣi.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́, Ìsẹ́yìn

Ìyá wa, ẹ má bínú, èyí tó dà bí àwọ̀n yẹn, náílọ̀nù ni. Ike ni. Orúkọ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ já òwú kan lára rẹ̀ kí ẹ fi iná kàn án níta: yóò yọ́, yóò kán tótó, yóò sì le koko bó bá ti tutù. Èyí tí a fi okùn igi ṣe á jóná di eérú ni. Bí ẹ bá ń fi èyí tí ẹ ní wẹ̀, ẹ lò ó tán, kì í yára gbó. Ẹ kàn má ra òmíràn.

Oríṣi méjì ni ti gidi. Ọ̀kan ni okùn igi tí wọ́n lù títí ó fi rọ̀ bí òwú, ọ̀dọ̀ lékùlẹ́jà lẹ ó ti rí i. Èkejì ni kànkàn ayaba, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù nítorí ẹ lè gbìn ín fúnra yín. Ó ń fà bí ẹ̀gúsí, àfi kí ẹ fún un ní ọgbà tàbí igi tó máa gùn. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ rì í. Ẹ fi èso rẹ̀ sílẹ̀ lórí okùn títí yóò fi gbẹ, tí èèpo rẹ̀ á di aláwọ̀ ilẹ̀, tí ẹ ó máa gbọ́ ìró kóró nínú rẹ̀ bí ẹ bá mì í. Ẹ bó èèpo náà, ẹ gbọn kóró dúdú inú rẹ̀ sínú abọ́ fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ fọ ohun tó kù, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ gé e sí méjì tàbí mẹ́ta. Ó le nígbà tó gbẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti kan omi, á rọ̀. Bó bá gbó, ẹ gé e sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ á jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Eyín, Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ mi ni eyín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti orín. Ìyá ọkọ yín kò ṣì sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gan-an ti sọ pé kí àwọn ibi tí orín ti jẹ́ àṣà máa lò ó lọ. Orín ata, orín ìdí àti pákò Ìjẹ̀bú ṣì wà lọ́jà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe dáadáa ni bí a ṣe ń lò ó. Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi ya bíi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ máa fà á láti ibi èrìgì lọ sí orí eyín, kì í ṣe kí ẹ máa ha á lọ ha á bọ̀ bí ẹni tó ń fi ayùn la igi, ìyẹn ló ń bó èrìgì. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn eyín, ibẹ̀ ni pákò kì í sábà dé. Bí orí rẹ̀ bá ti gbó, ẹ gé e kúrò kí ẹ rún òmíràn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bá wọn sọ pé kí àwọn ọmọ pa búrọ́ọ̀ṣì tì. Fluoride, èròjà tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, ló ń dáàbò bo eyín wọn kó má jẹrà, kò sì sí iye tó tó nínú orín. Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ìfọyín díẹ̀ fọ ẹnu láàárọ̀ àti kó tó sùn. Bó bá jẹun ọ̀sán tán, kó lo orín. Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ orín lè dín búrọ́ọ̀ṣì kù.

Ní ti búrọ́ọ̀ṣì oparun, igi ìdìmú rẹ̀ nìkan ni oparun. Irun orí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì jẹ́ náílọ̀nù. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni à ń pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà lè lo 24 lọ́dún. Bí owó bá wà, ẹ rà á. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tí apá yín ká, kí ẹ fi èyí tó gbó fọ kọ̀rọ̀ táìlì àti ìdí ẹ̀rọ omi. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ìdààmú yín ti pọ̀ jù.

Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo

Ti páàdì ni mo dúró dè, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ike wà lábẹ́ páàdì àlòsọnù, ike wà lójú rẹ̀, ọ̀rá tún ni wọ́n fi wé e. Mo ń rán ti aṣọ fún àwọn oníbàárà mi. Aṣọ òwú rírọ̀ ló ń kan ara, táwẹ̀lì òwú ni mo máa ń ṣẹ́ po sáàárín, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń fi aṣọ tó ki sí, mo sì fi bọ́tìnì sí apá rẹ̀ méjèèjì kó lè di abẹ́ pátá mú. Ẹni tó fẹ́ kí omi má kọjá rárá lè ní kí n fi aṣọ onírọ́bà sí abẹ́ rẹ̀. Ike díẹ̀ ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ ló máa fi wúlò.

Fífọ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, torí omi gbígbóná á mú kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ. Oòrùn gidi ni kí ẹ sá a sí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ̀rọ̀ balùwẹ̀ nítorí ìtìjú, ibẹ̀ ló ti ń bu, àìsàn sì lè tẹ̀lé e. Bí ojú àwọn èèyàn bá ń tì yín, ẹ fi ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ èyí tí à ń rà.

Ẹ má fi tipá mú ọmọbìnrin yín. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa lò ó nílé àti lálẹ́, kó máa lo ti ilé ìtajà bó bá ń lọ síléèwé, títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé wọn kò bá ní omi, ibi tí yóò ti pààrọ̀ aṣọ kò sí, a ò sì gbọ́dọ̀ di ẹrù yẹn lé ọmọ lórí.

Bàbá Oníirùngbọ̀n

Kí ọkọ yín ra ìdìmú onírin, èyí tí wọ́n ń ki bíléèdì olójú méjì sí. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa rà á. Bíléèdì nìkan ni yóò máa pààrọ̀, bébà ni wọ́n sì sábà fi ń wé e. Kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kú, kó máa kó o sínú agolo mílíìkì tí ẹ lu ihò tóóró sí lórí, kó má baà gé ọmọ tàbí ẹni tó ń kó ìdọ̀tí.

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ibí. Ní England, wọ́n ti fòfin de irúgbìn ike wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ ìhora láti 2018, ní 2020 wọ́n fi òwú ìnutí onígi ike kún un. Bí ẹ bá rí ọṣẹ ìhora tí wọ́n kọ polyethylene sí ara rẹ̀, ike ni ẹ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ọṣẹ dúdú àti òrí tí ẹ ń rà nítòsí níbẹ̀, owó ńlá ni à ń san lé e níbí.

Ará Bẹẹrẹ

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fà wá padà sí ọ̀rọ̀ iná yẹn, torí ọmọ tó ń wúkọ́ kò lè dúró de kànkàn ayaba. Ẹ má sun ike mọ́, láti òní lọ. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi máa ń tú èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní dioxin bí wọ́n bá sun ún. Ẹ gbé àpò méjì kalẹ̀. Ìgò ṣámúpù, ìgò ọṣẹ olómi àti ike líle, ẹ ṣan wọ́n kí ẹ kó wọn sínú ọ̀kan. Àwọn tó ń ra ike kiri ládùúgbò á gbà á. Ọ̀rá wẹ́wẹ́ àti ike ìfọyín kò ní oníbàárà, torí oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe wọ́n. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ dín rírà rẹ̀ kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ìpàdé àwọn onílé, kí ẹ jọ dáwó pe akópàǹtí. Ẹni tó wà nÍbàdàn ní 1980, nígbà tí Ògùnpa kún bolẹ̀, mọ ohun tí ìdọ̀tí nínú odò ń fà. Èkó fòfin de ike fóòmù oúnjẹ ní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì mú ife àti ṣíbí ike àlòsọnù mọ́ ọn ní oṣù keje 2025, ṣùgbọ́n ti balùwẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ẹnì kan má ṣi ọwọ́ lò. Fún fífọ ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣe ọṣẹ olómi ládùúgbò, kó bu ú sí i fún yín. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń bó ìdọ̀tí funfun ara ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ọsàn tàbí ásíìdì pọ̀ mọ́ bílíìsì láé. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré.

Ìyá Àrẹ̀mú

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Àpò méjì yẹn ti wà nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọkọ mi sì ti gbà láti bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Wáìpù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá dúró, ọṣẹ ló tẹ̀ lé e. Ti páàdì, èmi ni máa kọ́kọ́ lò ó kí ọmọ tó rí i. Níbo ni mo ti lè rí kànìnkànìn olókùn igi àti orín ata nÍbàdàn?

Ará Bẹẹrẹ

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ béèrè ìlà àwọn lékùlẹ́jà. Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání, àwọn ló máa mọ èyí tó jẹ́ orín ata gidi. Kí ẹ sì gbé apẹ̀rẹ̀ yín lọ́wọ́ jáde láti ilé, torí kẹ́ ẹ tó sanwó tán, wọ́n á ti na ọ̀rá sí yín.