Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ìrẹsì òyìnbó ti lé mi lọ́jà, ṣé kí n ta ẹ̀rọ mi ni?

Màmá Tóbi Igbemo
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi, mi ò fojú ba oorun láti àná. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ Igbemo, ìrẹsì ló kàn. Ìdí ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ìdí ẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi náà sí. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ní 2019 yẹn títí wọ 2020, ṣé ẹ rántí? Mọ́tò á ti Adó wá, á ti Àkúrẹ́ wá, á ti Iléṣà wá, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà wa, ìrẹsì ò tíì gbẹ tán lójú oòrùn tí wọ́n á ti sanwó ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo yá owó kọpuréétìfù tí mo fi ra ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì, kí n yéé lọ tò sílé ẹni ẹlẹ́ni.

Àná la ṣe ìrántí ìyá ọkọ mi. Nínú Igbemo níbí o! Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń gbé Èkó ní òun lòun máa gbé oúnjẹ, mo ní kò burú, mo ti ń retí kó wá rajà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí búùtù, àpò ìrẹsì òyìnbó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ní tiwa ń lẹ̀ mọ́ra, kò ṣe é fi se jọ̀lọ́ọ̀fù, àti pé àlejò òun ò lè máa feyín fọ́ òkúta. Lójú gbogbo ẹbí! Ìyàwó ọmọ mi gan-an gba abọ́ méjì.

Ní Ọjà Ọba l'Adó, oníbàárà tó ti ń bá mi rà láti bí ọdún mẹ́jọ kọjá lára mi bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Róbà inú ẹ̀rọ, Ṣáínà ló ti ń wá, láti ìgbà tí dọ́là ti gbéra ní 2023 ni owó ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin lójú mi. Kọpuréétìfù ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ta ẹ̀rọ, kóun fi kún owó físà. Ṣé kí n tà á ni àbí kí n máa wò ó?

Àńtí Fúnkẹ́ Olóúnjẹ
Màmá Tóbi, ẹ kú ìnáwó o. Àpò mélòó ló wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ́lòó lẹ sì ń tà á? Ẹ ò sọ. Ṣùgbọ́n ti òkúta yẹn, àbúrò ọkọ yín ò parọ́. Iworoko ni mo ti ń ta oúnjẹ fáwọn ọmọ yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá ọmọkùnrin kan dédé dákẹ́ lórí abọ́ ẹ̀, ó tu nǹkan sọ́wọ́, ó gbé e wá bá mi, òkúta dúdú, ọ̀dà títì ṣì wà lára ẹ̀. Mi ò lè jiyàn. Orí títì lẹ ń sá ìrẹsì sí, ẹ ń retí kí àwa máa ṣà á. Ìrẹsì yín dùn o, òórùn ẹ̀ nìkan á pe èèyàn láti ìta, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin méjì ni mo ń sanwó fún pé kí wọ́n kàn jókòó ṣa òkúta.

Bàbá Tíṣà
Ọ̀rọ̀ yìí ju òkúta lọ. Ayé Babangida ni wọ́n fòfin de ìrẹsì òkèèrè, 1995 ni wọ́n ṣí i padà, ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ àjọ òwò àgbáyé WTO. Ẹ wo Haiti. 1995 yẹn náà ni wọ́n já owó kọ́sítọ̀ọ̀mù orí ìrẹsì wálẹ̀ níbẹ̀ sí ìdá 3 nínú 100. Ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí ìjọba wọn ń kówó lé àgbẹ̀ tó ń gbìn ín lọ́wọ́, ya bo ọjà, àgbẹ̀ Haiti sì kó lọ sígboro. Clinton tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn wá jókòó síwájú àwọn sẹ́nétọ̀ ní March 2010, ó ní àṣìṣe ni, ó ní ó lè ṣe àgbẹ̀ Arkansas tí òun ti wá lóore ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Tani ìyẹn fẹ́ bọ́?

Màmá Tóbi Igbemo
Bàbá Tíṣà ẹ ṣé o, àṣé kì í ṣàwa nìkan. Àńtí Fúnkẹ́, tapólì lèmi ń lò láti ọdún tó kọjá, kì í ṣe títì. Inú irin dúrọ́ọ̀mù la ti ń rẹ ẹ́, a sè é, a sá a, tá a bá gé e jẹ tó bá dún kẹ́ ló tó ń wọ ẹ̀rọ. Ta ló ń ṣe gbogbo ìyẹn fún ti òyìnbó tí ẹ ń jẹ?

Káyọ̀dé Télọ̀
Màmá, ẹ̀yin ṣì ríṣẹ́. Ẹ wo tèmi. Máṣíìnì mẹ́rin ni mo ní, ọmọṣẹ́ mẹ́fà, ó ti ku èmi àti ọmọ kan. Gáùn tí wọ́n ti rán tán ni gbogbo wọn ń rà lórí fóònù, tó bá dé tí kò bá wọn lára mu ni wọ́n á rántí mi pé bọ̀dá ẹ bá mi gé e. Àǹkárá tá a ń pè ní tiwa, ẹ yí etí ẹ̀ wò, Ṣáínà ló ti wá. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan wà l'Adó níbí nígbà kan, ta ló tún ń rántí? Ní Kàdúná, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá tílẹ̀kùn ní 2007, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò dé Èkìtì pẹ̀lú ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Ẹ máà ta ẹ̀rọ o. Mo ta máṣíìnì méjì, mo ṣì ń kábàámọ̀.

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Kí wọ́n ti bọ́dà padà. Ó tán.

Ìyá Àríkẹ́ Ìkẹ́rẹ́
Ti kí ni? Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ ohun tí à ń sè. Nígbà tí wọ́n tì í yẹn, ṣé Igbemo ta ìrẹsì fún wa lówó pọ́ọ́kú ni? Wọ́n gbówó lé e bíi pé wúrà ni. Ọmọ márùn-ún, ọkọ ò gba owó oṣù pé, mo ń ra kóńgò kan mo ń pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Fàyàwọ́ ò sì dúró, ti Kọ̀tọnù ń wọlé lóru lórí ọ̀kadà. Àwa tálákà ló jẹ ìyà ẹ̀. Tí ìrẹsì bá wá wálẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ ká sinmi.

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Ìyá Àríkẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ á ṣe kú tán tí ẹ ó wá máa ra ti India ní iye tó bá wù wọ́n.

Dàpọ̀ Oníṣọ́ọ̀bù
Èmi lẹ ń bú láìdárúkọ, torí ìrẹsì òyìnbó ni mò ń tà l'Adó. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. India nìkan ló ń ta bí ìdá 40 nínú 100 lára ìrẹsì tó ń ré òkun kọjá láyé yìí. July 2023 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ìrẹsì funfun wọn mọ́lẹ̀, oṣù kejì ẹ̀ wọ́n bu owó orí ìdá 20 nínú 100 lé ti a máa ń jẹ níbí, èyí tí wọ́n ti sè kí wọ́n tó bó o. Náírà náà ti já nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. September 2024 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, October wọ́n yọ owó orí yẹn kúrò pátápátá. Níbí, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní July 2024 pé oúnjẹ kan máa wọlé fún ọjọ́ 150 láìsan kọ́sítọ̀ọ̀mù, ìrẹsì tí wọn ò tíì bó funfun wà lára ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò mọ̀ láti ìgbà yẹn pé owó máa wálẹ̀. Èmi sáré ta ohun tó wà lọ́wọ́ mi kí ọdún tó parí. Màmá Tóbi, àpò mélòó?

Ọmọ Èkìtì Calgary
Ẹ kú àtijọ́ gbogbo ilé. Níbí, ìwọ̀nba ọ̀fadà kékeré inú ọ̀rá, owó ẹ̀ ju ti basmati lọ fíìfíì, a sì ń du ú rà. Ẹ dì í dáadáa, ẹ kọ Igbemo sí i lára, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kí ni, ọ̀kadà? Òkúta ò tíì kúrò nínú ti Iworoko, ẹ ń sọ Kánádà.

Àńtí Fúnkẹ́ Olóúnjẹ
Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń bi màmá. Àpò mélòó?

Màmá Tóbi Igbemo
Ẹ̀ ń pariwo àpò mélòó bíi pé mo jalè. 74 ni. Mo bó díẹ̀, ìyókù ṣì wà nínú èèpo. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ kó wà nílẹ̀. December 2024 ọkùnrin kan wá láti Àkúrẹ́, ó ní òun á kó gbogbo ẹ̀ ní 95,000 àpò kọ̀ọ̀kan, owó lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé tó bá di ọdún Àjíǹde á wọ 120. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Mo ní kó máa lọ. Báyìí wọ́n ń pè é ní 62.

Dàpọ̀ Oníṣọ́ọ̀bù
33,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan.  Lórí àpò 74, ó lé ní ₦2.4 mílíọ̀nù. India kọ́ ló kó gbogbo ìyẹn lọ, màmá.

Bàbá Tíṣà
Ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́. Gbogbo wa ni a máa ń dúró de ọjà.

Káyọ̀dé Télọ̀
Ẹ máà ta ẹ̀rọ o.

Ìyá Àríkẹ́ Ìkẹ́rẹ́
Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Màmá Tóbi, ẹ̀rọ lẹ ní, ẹ ò sọ pé ẹ lóko. Ìrẹsì 74 yẹn, ta ló ni ín? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Igbemo, òun náà kó ìrẹsì fún ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ ní October ọdún yẹn, kò tíì rí kọ́bọ̀.

Màmá Tóbi Igbemo
Àwìn ni. Àwọn ìyá márùn-ún. A máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á kó o wá, n óò bó o, n óò tà á, a ó pín owó. Mo ní January ni. Wọ́n mọ̀ pé tó bá lọ sókè gbogbo wa la máa jẹ níbẹ̀.

Ìyá Àríkẹ́ Ìkẹ́rẹ́
Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹnì kan fẹ́ rà á ní 95?

Àńtí Fúnkẹ́ Olóúnjẹ
Màmá ti kà á. Mo rí i pé ó ti kà á.

Màmá Tóbi Igbemo
Mi ò sọ.

Mo rò pé mo máa fi ọ̀pọ̀ bá wọn ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kì í kí mi mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ ìdí.

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Ìyá yìí fi ìrẹsì ẹlòmíràn ta kálòkálò, ó wá ń bú àbúrò ọkọ.

Bàbá Tíṣà
Ọ̀gbẹ́ni, o ní ìyá nílé. Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́ nìyí mọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ bó èyí tó kù, ẹ tà á ní iye tó bá wà lọ́jà, ẹ pe àwọn márààrún jókòó, ẹ sọ ti ọkùnrin Àkúrẹ́ yẹn fún wọn láti ẹnu yín. October ti dé tán, tuntun ń bọ̀, tó bá bọ́ sí ti tuntun, tiyín á tún já sí i. Kọpuréétìfù lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Dàpọ̀ Oníṣọ́ọ̀bù
Ẹ wo kòkòrò náà kí ẹ tó bó o. Èyí tó wà nínú èèpo kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ti bó yẹn, ẹ tú àpò kan wò lónìí.

Àńtí Fúnkẹ́ Olóúnjẹ
Ìrẹsì tó ti pẹ́ máa ń wú, ó dáa fún ọjà mi. N óò gba àpò mẹ́wàá ní 58, owó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé kóńgò kan wá, kí n sè é kí n fi eyín ara mi wò ó. Owó ẹ̀, ẹ fún mi ní orúkọ àwọn ìyá yẹn, n óò san án fún wọn fúnra mi.

Màmá Tóbi Igbemo
58! Àńtí Fúnkẹ́, ẹ ò ṣàánú mi o, ọjà ni 62. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 60, kí n gbé kóńgò wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Àwọn ìyá yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, èmi náà á fún wọn.

Àńtí Fúnkẹ́ Olóúnjẹ
59. Ti àwọn ìyá yẹn ò sí lára ohun tí à ń ná.