Ṣé ọgbọ́n máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ?

ÌyáỌmọMẹ́ta (Kétu)
Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n ti mú un fo kíláàsì kan, CE1, ìyẹn ọdún kẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló wà báyìí, wọ́n tún ti ń sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀ kó fo òmíràn. Bàbá ẹ̀ ń yọ̀ kiri àdúgbò, ṣùgbọ́n èmi, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ yìí ń jẹun bí ẹni tó ti oko dé síbẹ̀ ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ó ga jù ú lọ. Lóru á jí, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, á ní bí ìyá àgbà bá kú, ta ni yóò máa ki òun? Ọmọ ọdún mẹ́fà o! Ìyá mi ní orí ẹ̀ ló ń jẹ oúnjẹ tó yẹ kí ara jẹ. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ṣé nǹkan wà tí ọgbọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in?

Tíṣà SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀ (Àjàṣẹ́)
Màmá, òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá yín sọ. Ọpọlọ àgbàlagbà ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n tí a bá tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ìdá bí 20 agbára tí ara ń ná òun ló ń gbà á. Tọmọdé wá le jù. Ní 2014 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣírò ó, wọ́n rí i pé ní bí ọmọ ọdún 5, ọpọlọ ń gba ju ìdá 40 lọ nínú gbogbo ohun tí ara ọmọ ń ná lójúmọ́, àsìkò yẹn náà sì ni ara ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà, ó dìgbà tí ọpọlọ bá dẹwọ́ kí ara tó wá nà. Gbogbo ọmọ ni o, kì í ṣe olóye nìkan, torí náà títẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò bà mí lẹ́rù tó oorun tí kò sùn.

Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní guppy. Ní yunifásítì Uppsala ní Sweden, wọ́n ń ṣa àwọn tí ọpọlọ wọn tóbi, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n bímọ láàárín ara wọn, èsì ẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn abo wọn mọ iye nǹkan ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ìfun ìran olọ́pọlọ ńlá yìí kéré, ọmọ tí wọ́n ń bí náà sì dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹja tó ń jẹ wọ́n sínú omi kan náà, àwọn abo olọ́pọlọ ńlá ló yè jù. Níbi tí kò séwu, gbèsè ni, níbi tí ewu wà, èrè ni. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún eṣinṣin èso náà ní Switzerland, wọ́n ń ṣa àwọn tó tètè ń kọ́ nǹkan, àfi bí oúnjẹ ṣe wọ́n tí ìdin wọn ò lè bá ìdin àwọn tó kù figa gbága.

ỌmọOlóko (Sábẹ)
Èmi ò kàwé tó tíṣà, ohun tí ojú mi rí lóko àgbàdo ni mo fẹ́ sọ. Ìjímèrè tó ń jà wá lólè mọ̀ ìyàtọ̀ láàárín ìyàwó mi tó ru agbọ̀n àti èmi tí mo gbé ìbọn, tí wọ́n bá rí ìyàwó mi wọn ò ní mira. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa, ọ̀kan á wà lórí igi tí ń ṣọ́nà, òun ò jẹun, àwọn tó ń jẹ pàápàá wọn ò fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n á bù ú, wọ́n á wòkè. Àgùntàn mi tí kò mọ nǹkan kan ń jẹ, ó ń sanra.

Òkété ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ nípa Magawa? Ẹbí òkété tiwa yìí ni, Tanzania ni wọ́n ti kọ́ ọ, Cambodia ló ti ṣiṣẹ́, ó ń fimú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ó rí ju ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù ní 2020. Ọmọ èèyàn mélòó ni ì bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni owó iṣẹ́ tiẹ̀.

Àbúrò Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n mi Sábẹ, ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí odídẹrẹ́ bàbá àgbà wa. Ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó ń fi ohùn ìyá àgbà pe àwọn ọmọ wálé. Nígbà tí bàbá kú tí kálukú gba Cotonou lọ, ilé dá, ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara ẹ̀ tu títí àyà ẹ̀ fi hòhò. Oúnjẹ wà, omi wà. Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ni ò sí. Àdìẹ tó wà lágbàlá kan náà ò mọ̀ pé ẹnì kan kú. Ọgbọ́n yẹn náà ló sì mú un wọ àgò, torí ká ní kì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn ni, ta ni ì bá lọ dẹkùn fún un nígbó? Wọ́n kó wọn tán débi pé ní 2016 àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí títà èyí tó ti igbó wá lókè òkun dópin.

Màmá Kétu, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn tó wà ní kíláàsì ẹ̀ ń pè é? Ó lọ́rẹ̀ẹ́?

ÌyáỌmọMẹ́ta (Kétu)
Ìbéèrè yín yìí ni mi ò lè dáhùn lálẹ́ àná, mo ní láti bi í. Ó ní wọ́n ń pe òun ní "bébé", ọmọ ọwọ́, wọn kì í jẹ́ kóun gbá bọ́ọ̀lù torí òun kéré, òun a máa dúró ti igi títí aago á fi lù. Oṣù mẹ́rin ló ti ń dúró ti igi yẹn, mi ò mọ̀.

Mo ti bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́, ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ni ń kọ oore. Mo ka ti odídẹrẹ́ yẹn sí i létí. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní kò ní fo kíláàsì kankan mọ́, òun á wá bọ́ọ̀lù tí yóò jẹ́ tiẹ̀, kó máa gbé e lọ.

Tíṣà, ọmọ ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ó ní kí n bi yín bóyá eṣinṣin tó gbọ́n yẹn mọ̀ pé òun gbọ́n.