Àbúrò mi ò jí lọ́jọ́ kẹrin

Ẹ ní ká jẹ́rìí ohun tí àjíǹde Jésù ṣe nígbèésí ayé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi, torí kì í ṣe irú ẹ̀rí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹni ọdún 34 ni àbúrò mi nígbà tó kú. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló fi ṣàìsàn. Ká tó mọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ẹgbẹ́ àdúrà tí mo wà nígbà náà ti dé, olórí wa sì ní kẹ́nikẹ́ni má sunkún. Ó ní ṣebí Lásárù lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì, pé ìgbàgbọ́ àwa ará ìsinsìnyí ló ti rọ tí òkú kì í fi í jí mọ́. La bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Mo gbààwẹ̀ títí òòyì fi ń kọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń pe orúkọ tí mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Títí dòní, bí ọwọ́ yẹn ṣe tutù tó ò tíì kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

A sin ín lọ́jọ́ karùn-ún. Olórí wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹnì kan láàárín wa ló ṣiyèméjì. Èmi ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọdún méjì tẹ̀ léra ni mi ò fi lọ sí ìsìn Ọjọ́ Àjíǹde. Mo lè lọ ní Sọ́ńdè mìíràn. Tọjọ́ yẹn nìkan ni mi ò lè fara dà, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ní "Kristi jíǹde!", ìjọ á ní "Ó jíǹde nítòótọ́!", èmi á sì máa fọwọ́ nu aṣọ.

Ohun tó yí mi padà kì í ṣe ìran, kì í sì í ṣe ohùn. Wọ́n kàn ní kí n bá wọn ka Bíbélì níbi ìsìnkú ẹlòmíràn ni. Nínú gbogbo Bíbélì, Jòhánù 11 ni wọ́n yàn fún mi! Mo ń kà á bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná mì, títí mo fi dé ẹsẹ 44, níbi tí Lásárù ti jáde pẹ̀lú aṣọ òkú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, "a sì fi gèlè dì í lójú". Jésù ní kí wọ́n tú u.

Gèlè yẹn bá mi délé. (Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa ló pè é bẹ́ẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń bo ojú òkú ni.) Mo ṣí Jòhánù 20, gèlè tún rèé ní ẹsẹ 7, nínú ibojì Jésù. Àmọ́ eléyìí wà ní kíká, ó dá wà níbìkan, kò sì sí ẹni tí wọ́n pè pé kó wá tú u.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Lásárù gbé aṣọ òkú rẹ̀ dání jáde, torí yóò tún lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Inú ayé yìí ló padà sí, ikú sì ń dúró dè é. Ti Jésù kì í ṣe pé ó padà. Ó la ikú já ni, ó bọ́ sí ibi tí ikú ò ti ní ipá lórí rẹ̀ mọ́, bí Róòmù 6 ṣe wí. Ohun tí wọ́n ní ká máa fi ààwẹ̀ já gbà lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn, ti Lásárù ni. Ká tiẹ̀ ní àbúrò mi dìde, a ṣì máa tún sin ín. Ohun tí Ọlọ́run ṣèlérí fún un ju ìyẹn lọ, kò sì fìgbà kankan wà lọ́wọ́ ààwẹ̀ mi.

Mo wá ka 1 Kọ́ríńtì 15 tán, gbogbo ẹsẹ 58. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé Pọ́ọ̀lù ò pariwo. Ó ń ka àwọn ẹlẹ́rìí bí ẹni wà nílé ẹjọ́: Kéfà (Pétérù nìyẹn), àwọn méjìlá, àwọn ará tó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láàyè lásìkò tó ń kọ̀wé, ní nǹkan bí ọdún 55. Jákọ́bù, àbúrò Jésù, náà wà níbẹ̀. Jòhánù 7 sì sọ pé àwọn àbúrò Jésù gan-an ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní bí a kò bá jí Kristi dìde, asán ni ìgbàgbọ́ wa. Kò ní bí àbúrò ẹni kò bá jí lọ́jọ́ kẹrin.

Lẹ́yìn tó ti bú ikú tán, "Ikú, oró rẹ dà?", ṣé ẹ mọ ohun tó kàn? Ó ní ká dúró ṣinṣin nínú iṣẹ́ Olúwa. Orí 16 bẹ̀rẹ̀, ìdáwó ló fi ṣí i! Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ò sì pẹ́, torí mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò tíì yọjú sí opó àbúrò mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Èyí àgbà jọ bàbá rẹ̀ jù.

Mo pe ìyá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé kò sí o?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ báyìí. Iṣẹ́ àmúrelé la máa ń ṣe. Ìṣirò ọmọ yẹn le, èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n.

* * *

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ọmọ mi.

Ti èmi, ìtàn Pétérù ló kàn mí jù nínú ọ̀rọ̀ àjíǹde. Ìdí ẹyín iná ló ti ń yáná nígbà tó sẹ́ Jésù. Lẹ́yìn àjíǹde, ó gúnlẹ̀ sétí òkun, ẹyín iná náà ló tún bá níbẹ̀, Jòhánù 21. Jésù ò bi í pé, "Èéṣe tí o fi sẹ́ mi?" Ó ní kí wọ́n wá jẹun ná.

Ó lé lógún ọdún sẹ́yìn, owó sọnù níbi iṣẹ́ wa. Mo mọ ẹni tó kó o, mo dákẹ́, wọ́n sì lé ẹlòmíràn lọ. Ẹsẹ Bíbélì yẹn ló gbé mi dìde lọ wá ọkùnrin tí wọ́n lé náà rí. Ó gbọ́ mi tán lórí ìdúró, ó ní "Ẹ ṣeun, mà", ó ti ilẹ̀kùn. Mo ṣì máa padà lọ.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Èmi ò tíì gba ọ̀rọ̀ àjíǹde yìí gbọ́ tán. Ó yẹ kí n ti ṣèrìbọmi, mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Ohun tó ń fún mi láyà ni Lúùkù 24: nígbà táwọn obìnrin mú ìròyìn wá, ìsọkúsọ làwọn àpọ́sítélì pè é. Ẹ ò rí i pé wọn ò ṣe ẹ̀rí náà lọ́ṣọ̀ọ́! Tọ́másì náà sì lo ọjọ́ mẹ́jọ gbáko nínú iyèméjì. Ṣé ó burú bí tèmi bá jù bẹ́ẹ̀ lọ?

* * *

Àbúrò, èmi tí àbúrò mi ò jí ni mo tún dé. Kò burú. Àárín wọn náà ni Tọ́másì ṣì wà nígbà tí ọjọ́ mẹ́jọ pé, kò sẹ́ni tó lé e síta. Èmi ti rí ibi tí wọ́n ti ń wá oníyèméjì tí wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Jọ̀ọ́, ṣé o mọ ìṣirò?