Ta ló ti gba físà Ọsirélíà rí láti Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ pariwo fún Maro Itoje àti ikọ̀ Ẹńgílàǹdì níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rọ́gbì ọdún 2027, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Láti Perth dé Sydney jìnnà gan-an, owó wa ò sì lè gbé wa káàkiri. Ìlú wo ni ká fi ṣe ibùdó?

Èyí tó ká mi lára jù rèé: ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ọ̀kan nínú wa ń lò, òun ló sì fẹ́ràn rọ́gbì jù. Mi ò fẹ́ ká fi í sílẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìwé wo ni wọ́n sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?